Sayoko àti Àlejò Tó Mú Ìyá Rẹ̀ Wá

Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ tí Sayoko kọ́kọ́ rí Kiyotaka. Ọkùnrin náà ti rin gbindin, irun rẹ̀ lẹ̀ mọ́ iwájú orí, nítorí pé agbòjò tó gbé dání kò bo òun fúnra rẹ̀ rárá. Ìyá arúgbó tó ń tiro lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló fi bò. Ìyá náà gbẹ láti òkè délẹ̀, síbẹ̀ òun ló ń fajú ro.

Nígbà tí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà òtẹ́ẹ̀lì, níbi tí gbogbo àlejò ti ń bọ́ bàtà, ọkùnrin náà kúnlẹ̀, ó rọra bọ́ bàtà ìyá rẹ̀. Omi ara rẹ̀ ń kán tó, tó, sórí ẹní. Ó gbójú sókè wo Sayoko, ó tọrọ àforíjì pé òun ti ba ẹní wọn jẹ́.

Ọ̀pọ̀ olówó àti gbajúmọ̀ Tókíò ni Sayoko ti kí káàbọ̀ lẹ́nu ọ̀nà yẹn. Kò tíì rí èyí tó bẹ̀bẹ̀ nítorí ẹní. Ẹ̀rín fẹ́ pa á, ó yára tẹrí ba.

Òun ló ń tọ́jú àwọn yàrá tó wà lókè kẹsàn-án. Òun ló ń po tíì fún àlejò, òun ló ń tẹ́ ibùsùn sórí ẹní nígbà tí wọ́n bá gòkè lọ sí ilé ìwẹ̀, níbi tí omi gbígbóná inú ilẹ̀ ti ń ru, tí ojú ọ̀run sì ṣí sílẹ̀ lókè orí ẹni. Kò pẹ́ tó fi mọ ìdí tí ìyá náà fi ń fajú ro. Fumie ni orúkọ rẹ̀. Ogójì ọdún ló fi jẹ́ olùgbàlejò ní ilé àlejò ìdílé ọkọ rẹ̀ lórí òkè Yamagata, títí àìsàn ẹsẹ̀ fi dá a jókòó tí wọ́n sì ti ilé náà pa. Kiyotaka, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ní ìṣirò ní Sendai. Oṣooṣù ló ń mú un wá rí dókítà eegun ní Tókíò, ó sì ti pinnu pé níbi tí wọn yóò ti tọ́jú ìyá òun dáadáa ni yóò máa sùn.

Àmọ́ ẹni tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ tọ́jú èèyàn kò mọ bí wọ́n ṣe ń gba ìtọ́jú. Ìyá Fumie ní tíì gbóná jù. Ó ní ìrọ̀rí le. Tí Sayoko bá tẹ́ ibùsùn tán, yóò tú u, yóò tún un tẹ́.

Ó bi Sayoko lọ́jọ́ kan pé, "Ta ló kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń ṣí ilẹ̀kùn?"

"Ìyá mi ni, mà."

"Ó kọ́ ẹ dáadáa." Ohùn rẹ̀ dà bíi ti ẹni tí inú ń bí pé òun ò rí àṣìṣe.

Ojoojúmọ́ tí wọ́n bá wà níbẹ̀ ni Kiyotaka ń wá bá Sayoko lọ́dẹ̀dẹ̀, tí ń tọrọ àforíjì nítorí ìyá rẹ̀.

Sayoko ní, "Ẹ̀bẹ̀ yín ti pọ̀ jù. Ẹ bẹ ẹní, ẹ bẹ ilẹ̀kùn, ó ku tíì."

"Tíì yín dùn. Mi ò rí ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ ẹ́ fún."

Nígbà tí wọ́n dé lẹ́ẹ̀kẹta, ó sọ fún un pé òun fẹ́ kí àwọn jọ jẹun níta. Sayoko sọ fún un pé òfin iṣẹ́ àwọn kò gba kí òṣìṣẹ́ bá àlejò jáde. Ọkùnrin náà mi orí, ó lọ. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, ìyá rẹ̀ nìkan ló gba yàrá. Kiyotaka ti lọ sùn sí òtẹ́ẹ̀lì kótópó kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdó ọkọ̀ ojú irin, níbi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń kan ògiri.

Ó ní, "Èmi kì í ṣe àlejò yín mọ́ o. Ṣé a lè lọ jẹun báyìí?"

Wọ́n lọ jẹ núdù ní Kanda, wọ́n rìn létí odò títí ẹsẹ̀ fi ń ro wọ́n. Láti ọjọ́ náà, Sayoko a máa dúró de oṣù tuntun bí ọmọdé ṣe ń dúró de ọdún.

Nígbà tí Ìyá Fumie gbọ́, kò bínú. Inú rẹ̀ dùn, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti dé. Ó pe Sayoko jókòó níwájú Kiyotaka, ó ní gbogbo ìgbà tí òun ń ṣàríwísí iṣẹ́ rẹ̀ yẹn, òun ń dán an wò ni. Òun ti rí ẹni tí yóò gba ipò òun. Wọn yóò ṣí ilé àlejò náà padà, Sayoko yóò sì di olùgbàlejò rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà mú Sayoko rántí ilé wọn. Ilé àlejò kan létí òkun ní Izu ni ìyá tirẹ̀ ti ṣiṣẹ́ títí ó fi kú. Ìdúró ló ti ń jẹun, kò sì sí ọ̀sán kan tó ráyè wo òkun tó wà lẹ́yìn ilé. Sayoko fẹ́ràn iṣẹ́ náà, àmọ́ ó ti bá ara rẹ̀ ṣàdéhùn pé ibi tí iṣẹ́ ti ń parí, tí èèyàn ti ń lọ sílé, ni òun yóò ti máa ṣe é. Ó fi ọ̀wọ̀ sọ fún ìyá náà pé òun ò lè gbà. Ó wo Kiyotaka. Kiyotaka ń wo ilẹ̀, kò sọ nǹkan kan.

Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ló dùn ún jù. Ó ní kí ọ̀gá òun gbé òun lọ sí àjà mìíràn. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kọjá, ewé igi pọ́n, ó wọ́ dànù, wọn kò fojú kan ara wọn.

Ní ọjọ́ ìsinmi kan, ọ̀gá rẹ̀ pè é pé ẹnì kan ti gba yàrá lórúkọ rẹ̀, pé kó wá bí àlejò. Nígbà tí Sayoko dé ẹnu ilẹ̀kùn, Ìyá Fumie ló tẹrí ba fún un, ó ní káàbọ̀. Kiyotaka jókòó lórí eékún lẹ́yìn rẹ̀, ó wọ aṣọ olùgbàlejò, ó gbé àwo tíì dání.

Ìyá náà ṣàlàyé. Kiyotaka ti fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀, ó ní òun fúnra òun ni yóò máa gba àlejò nílé àwọn lórí òkè. Òun ti fi í rẹ́rìn-ín títí, nítorí pé obìnrin ló ń ṣe iṣẹ́ náà ní ìdílé àwọn láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Lẹ́yìn náà lòun bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ. Kò tíì mọ̀ ọ́n ṣe, àmọ́ kì í ṣọ̀lẹ.

Kiyotaka ní, "Ilé náà ti ní olùgbàlejò, Sayoko. Ìyàwó ni mò ń wá. Máa ṣe iṣẹ́ rẹ níbí. Ọjọ́ tí o bá ráyè ni kó o wá, tí o ò bá ráyè, màá wá."

"Kí ló dé tó o dákẹ́ lọ́jọ́ yẹn?"

"Ẹ̀rù màmá mi bà mí ju ẹ̀rù pé màá pàdánù rẹ lọ." Ó gbé àwo náà kalẹ̀. "Ìyẹn ti yí padà báyìí, ẹ̀rù pípàdánù rẹ ló ń bà mí jù. Ojoojúmọ́ ni mò ń mọ̀ ọ́n lára."

Sayoko gbé ife, ó tọ́ tíì náà wò. Ó korò bí ewúro. Ó mu ún tán pátápátá.

"Tíì yìí kò dáa rárá, ọkọ mi," ó ní.

Ìyá Fumie ló kọ́kọ́ bú sẹ́kún.

Wọ́n ṣe ìgbéyàwó nígbà ìrúwé. Lọ́jọ́ Ajé, Sayoko padà sẹ́nu iṣẹ́ ní Tókíò, ọkọ rẹ̀ sì padà sórí òkè lọ tẹ́ ibùsùn fún àlejò. Àwọn aládùúgbò ń bèèrè pé irú ìgbéyàwó wo nìyí. Ìyá Fumie ló ń dá wọn lóhùn. Ó ní gbogbo ìgbà tí ìyàwó òun bá ń bọ̀, ọmọ òun a fá irùngbọ̀n, a wọ aṣọ tó dáa, a sì ti dúró sí ibùdó ọkọ̀ ojú irin kí ọkọ̀ tó dé. Kí wọ́n fi ọkọ tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ han òun láàárín àwọn tó ń bá ìyàwó wọn gbé lábẹ́ òrùlé kan.