Orin Ìyá Rọ̀kí

Ṣìmí wolẹ̀ níwájú máìkì ilé rédíò. Adéòjó bàbá rẹ̀ jókòó tì í, ẹ̀rín ò kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó kúkú tó bẹ́ẹ̀! Ogún ọdún gbáko ló ti ń kọrin kiri Ìkòròdú, bó bá ti kọjá Agbówà, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Àfi bí ẹnì kan ṣe ya fídíò eré tó ṣe lọ́dún Kérésì, tó gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ni àwọn èèyàn bá ń jó o láti Lọ́ńdọ́ọ̀nù dé Amẹ́ríkà. Wọ́n ti ní kó wá ṣeré ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, Rédíò Èkó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ gbé e sáfẹ́fẹ́ lónìí ni.

Ọláwuyì, olóòtú ètò, béèrè ohun tó ń jẹ gbogbo èèyàn lọ́kàn: lẹ́yìn gbogbo ọdún wọ̀nyí, kí ló dé tí ayé ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ọ́n?

"Ègbè orin náà ni," Adéòjó dáhùn. "Ọmọ mi yìí ló fi orí ara rẹ̀ ronú kàn án."

Ni wọ́n bá tan orin náà. Èrò rẹpẹtẹ níbi àríyá kan nílùú òyìnbó ló ń gbè é: "Bàbá Rọ̀kí, máa bọ̀ wálé o, ọbẹ̀ ti jinná."

Orí ta ló ronú kàn án? Irọ́ gbuu! Ẹ̀pẹ́ ni Ṣìmí ti lo ìsinmi ọlọ́jọ́ gígùn, lọ́dọ̀ Rọ̀kíbátù ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi ti dojú dé mọ́ bàbá Rọ̀kíbátù lórí ọ̀sà, wọn ò sì rí òkú rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, bí Ìyá Rọ̀kí bá ti sọ ọbẹ̀ kalẹ̀, á kọjú sí omi, á pe ọkọ rẹ̀ ní Bàbá Rọ̀kí, á ní kó máa bọ̀ wálé. Ìyàwó ilé wo ló ń pe ọkọ lórúkọ?

Nígbà tí Ṣìmí padà délé, bàbá rẹ̀ ní orin ti sú òun, ó ní òun ń lọ wá iṣẹ́ alágbàṣe nílé-iṣẹ́. Ọmọ náà ò lè fara dà á. Ó kọ ègbè yẹn fún un, ó ní òun fúnra òun ló ronú kàn án. Ó tiẹ̀ gbìyànjú láti fi orúkọ mìíràn rọ́pò Rọ̀kí, ṣùgbọ́n adùn orin náà lọ, ló bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ètò ń parí lọ, fóònù dún. Ọláwuyì ní ẹnì kan ń pè láti Ẹ̀pẹ́. Kíá ni Ṣìmí dá ohùn náà mọ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, Rọ̀kíbátù lorúkọ mi. Màámi gbọ́ lórí rédíò aládùúgbò wa pé èrò ń pe bàbá mi. Wọ́n ti bu ọbẹ̀, wọ́n ti gbé e lọ sétí omi, wọ́n ní àwọn òyìnbó ti rí bàbá mi, wọ́n ń mú wọn bọ̀. Mo bẹ̀ wọ́n títí, wọn ò dìde. Ta ló kọ́ yín lọ́rọ̀ yẹn, sà?"

Adéòjó fèsì jẹ́jẹ́ pé Rọ̀kí pọ̀ nílùú, pé orúkọ lásán ni. Ó wá yíjú sí ọmọ rẹ̀ kó jẹ́rìí sí i. Bí Ṣìmí bá mi orí péré, ọ̀rọ̀ bùṣe, ìrìn-àjò Lọ́ńdọ́ọ̀nù sì ń dúró dè wọ́n. Ṣùgbọ́n ó ń rí ìyá yẹn lójú ọkàn rẹ̀ létí omi.

"Rọ̀kí, èmi Ṣìmí ni. Ẹnu màmá rẹ ni mo ti gbọ́ ọ. Mo jí i ni."

Ẹ̀rín kú lẹ́nu Adéòjó. Kò bá a wí, ó mú un lọ sí Ẹ̀pẹ́ lójú ẹsẹ̀. Wọ́n bá Ìyá Rọ̀kí létí omi lóòótọ́, ọbẹ̀ ti tutù. Ṣìmí kúnlẹ̀, ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀.

"Ṣé kò sí lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó ni?" ìyá náà béèrè.

"Kò sí níbẹ̀, mà."

Obìnrin náà wá bú sẹ́kún bí ẹni pé ọjọ́ náà gan-an ni ọkọ̀ ojú omi dojú dé. Adéòjó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní òun ò kọ orin náà mọ́ láé, Lọ́ńdọ́ọ̀nù sì di èyí tí kò lọ mọ́.

Bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ohun tó dùn létí wa lè jẹ́ ọgbẹ́ ọkàn ẹlòmíràn, ẹ jẹ́ ká máa tọrọ ká tó mú. Ìyá Rọ̀kí gba ẹ̀bẹ̀, ó dárí ji Ṣìmí. Ṣùgbọ́n ta ni yóò bẹ gbogbo ayé kí wọ́n dákẹ́?