Kíndìnrín Fọláṣadé àti Oògùn Inú Ọ̀rá

"Bọ̀dá mi, kíndìnrín mi ńkọ́?"

Bí Fọláṣadé ṣe máa ń kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nìyẹn, tó bá ti ń ti ìsìn bọ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi tó sì yà sí ilé wọn ní Bẹẹrẹ. Kíndìnrín Ọládiípọ̀ méjèèjì ló daṣẹ́ sílẹ̀ nígbà kan. Àbúrò rẹ̀ yìí, tó ń ta òwú àti bọ́tìnnì ní Ọjà'ba, ló gbà kí àwọn dókítà yọ ọ̀kan nínú tirẹ̀ fún un. Láti ìgbà náà ni Ọládiípọ̀ ti padà sídìí máṣíìnì ìránṣọ rẹ̀, tí àwàdà yìí ò sì tán láàárín wọn.

"Ó ní kí n kí ẹ," ni Ọládiípọ̀ máa ń fèsì. "Ó ní òun ti gbàgbé ẹ."

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, ó kàn rẹ́rìn-ín ni, kò dìde lórí àga. Fọláṣadé wo ojú rẹ̀, ó rí i pé ó wú. Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹsẹ̀ náà ò wọ inú sálúbàtà mọ́.

"Bọ̀dá mi, ṣé ẹ ń lo oògùn yín?"

"Mò ń lò ó kẹ̀."

"Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́?"

Rachel ìyàwó Ọládiípọ̀ ló fèsì láti ẹnu ọ̀nà. "Adúmáadán, àárọ̀ nìkan ni wọ́n ń lò ó báyìí o. Bọ̀dá Olúgbénga ní ó ti tó."

Ará ìjọ wọn ni Olúgbénga yìí. Ó ní ṣọ́ọ̀bù oògùn kan ní Ọ̀rányàn, bẹ́ẹ̀ ni kò kọ́ṣẹ́ apoògùn, kò sì gba apoògùn kankan síṣẹ́. Nígbà tí oògùn Ọládiípọ̀ gbówó lórí débi pé télọ̀ ò lè rà á mọ́, Olúgbénga ló pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lẹ́yìn ìsìn, tó ní òun á bá a rí i ní ìdajì owó.

"Ẹ jẹ́ kí n rí oògùn náà," ni Fọláṣadé wí.

Rachel mú ọ̀rá funfun kékeré kan jáde. Kápúsù ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n ti yọ ọ́ kúrò nínú páálí, wọ́n tún ti tú u kúrò nínú sáṣẹ́ẹ̀tì tí ilé-iṣẹ́ fi dì í. Kò sí orúkọ lára ọ̀rá náà, kò sí déètì.

"Páálí ẹ̀ dà?"

"Wọ́n ní páálí ló ń jẹ́ kó wọ́n, pé àwọn kì í fi páálí tà á."

"Ẹ̀yin náà sì gbà bẹ́ẹ̀, Ìyá Dámilọ́lá?"

"Fọláṣadé, fara balẹ̀," ni Ọládiípọ̀ sọ. "Ìyá kan náà ló bí wa, bàbá kan náà. Olúgbénga ti ṣàlàyé ẹ̀ fún mi. Ó ní kíndìnrín ọmọ ìyá ẹni kì í ṣe àlejò, pé tó bá ti pẹ́ díẹ̀, ara á ti mọ̀ ọ́n bíi tiẹ̀. Àwọn tó gbà á lọ́wọ́ ẹlòmíì ló ń lo oògùn lẹ́ẹ̀mejì."

Ẹ gbọ́ irọ́! Irọ́ tó dùn létí wa ni Olúgbénga fi mú un. Ta ni kò ní fẹ́ gbà pé ọmọ ìyá òun ò lè di àjèjì lára òun? Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, torí pé ìfẹ́ tó wà láàárín tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ni ọkùnrin náà fi ń tajà.

Lọ́jọ́ kejì, Fọláṣadé ò ṣí ṣọ́ọ̀bù. Òun àti Rachel mú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń tọ́jú rẹ̀. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì dá a dúró síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Ìyáàfin Hilda, apoògùn tó ń bójú tó àwọn tí wọ́n pààrọ̀ kíndìnrín fún, wá jókòó tì wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Oògùn tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ yín ò tó nǹkan rárá, sà. Ta ló ní kí ẹ dín in kù?"

Ọládiípọ̀ tún ọ̀rọ̀ ọmọ ìyá náà sọ. Hilda ò fi ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ẹ̀yin lẹ mọ̀ pé ọmọ ìyá yín ni wọ́n. Ara yín ò mọ̀," ló wí. "Ara wa ní àwọn ọmọ ogun tó ń bá àìsàn jà. Ohun tí kò bá bá wa wáyé, wọ́n á gbógun tì í, wọn kì í béèrè ìyá tó bí i. Oògùn yìí ló ń dì wọ́n lọ́wọ́ mú. Irú èyí tí a fún yín, tí ẹ bá lò ó láàárọ̀, agbára ẹ̀ á ti máa lọ sílẹ̀ tó bá fi máa di alẹ́. Ìdí tí a fi ní kí ẹ tún lò ó nírọ̀lẹ́ nìyẹn, títí tí kíndìnrín náà bá fi wà lára yín."

"Ara mi mà ń yá tẹ́lẹ̀."

"Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn, sà. Ìjà náà kì í pariwo. Kí ojú tó wú, ó ti ba nǹkan jẹ́."

Rachel na ọ̀rá funfun náà sí i. Hilda yẹ̀ ẹ́ wò, ó mi orí. "Ṣé ẹ ti bi ara yín pé kí ló dé tó fi tú u kúrò nínú sáṣẹ́ẹ̀tì? Ara sáṣẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń kọ déètì tí oògùn máa bàjẹ́ sí."

Fọláṣadé dìde. Kò yà síbì kankan, Ọ̀rányàn ló gbà lọ tààrà.

Olúgbénga ń nu gíláàsì iwájú ṣọ́ọ̀bù. "Ẹ káàbọ̀, arábìnrin wa."

"Níbo lo ti rí oògùn tí o tà fún Bọ̀dá mi?"

Fọláṣadé kì í bá àgbà sọ̀rọ̀ báyẹn, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, kò rí àgbà kankan níwájú rẹ̀.

"Ẹ rọra o. Ìrànlọ́wọ́ ni mo ṣe."

"Mo ní níbo lo ti rí i?"

Olúgbénga rí i pé àwọn èèyàn ti ń dúró wòran, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Bàbá kan ló ni ín. Àwọn náà pààrọ̀ kíndìnrín. Wọ́n ti ṣaláìsí. Àwọn ọmọ wọn ló kó èyí tó ṣẹ́kù wá, pé kí n bá àwọn tà á. Ó kàn kọjá déètì díẹ̀ ni. Oògùn gidi ni!"

"Oògùn òkú! O yọ déètì ẹ̀ dànù, o rí i pé kò pọ̀, o wá wá irọ́ tí Bọ̀dá mi á fi máa lò ó lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́."

"Ẹ̀yin náà ẹ ò rí bí oògùn ṣe wọ́n? Tí n ò bá tà á fún wọn, kí ni wọ́n fẹ́ lò?"

"Wọn ì bá sọ fún dókítà! Wọn ì bá sọ fún èmi!" Fọláṣadé gbá ìhà ara rẹ̀ mú, níbi tí àpá iṣẹ́ abẹ wà lábẹ́ bùbá. "Ẹyọ kan ni mo ní tí mo lè fún un. Mo sì ti fún un. Tí èyí bá bàjẹ́, níbo ni kí n ti mú òmíì wá?"

Olúgbénga kẹ̀yìn sí i, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í nu gíláàsì.

Òótọ́ ni pé oògùn wọ́n, ìyẹn gan-an tún ń bí mi nínú. Oògùn tí èèyàn ò gbọdọ̀ dá dúró ò yẹ kó di ohun tí télọ̀ ń sá fún. Ìjọba ló yẹ kó gbà á rò. Ṣùgbọ́n ìyẹn ò sọ irọ́ Olúgbénga di ìrànlọ́wọ́. Fọláṣadé fi ẹjọ́ rẹ̀ sun àwọn aláṣẹ, wọ́n sì ti ṣọ́ọ̀bù náà pa.

Àwọn dókítà rí kíndìnrín náà gbà sílẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Apá kan ti kú, kò sì ní jí mọ́. Hilda bá Ọládiípọ̀ wá irú oògùn kan náà tí ilé-iṣẹ́ mìíràn ṣe, tí owó rẹ̀ fúyẹ́ díẹ̀. Dókítà fọwọ́ sí i, wọ́n sì ń yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò bóyá ó bá a lára mu. Ohun tó yẹ kí Ọládiípọ̀ ti lọ bá wọn fún láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ẹ̀yin tí wọ́n pààrọ̀ kíndìnrín fún, ẹ jọ̀ọ́, tí owó oògùn bá wọ̀ yín lọ́rùn, ẹ má tijú, dókítà yín ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ sọ fún. Ẹ má dá a dín kù, ẹ má dá a pààrọ̀, kódà kó jẹ́ ọmọ ìyá yín ló fún yín ní kíndìnrín. Oògùn tí wọ́n bá tú kúrò nínú sáṣẹ́ẹ̀tì, ẹ má rà á, ìbáà jẹ́ ará ìjọ yín ló ń tà á. Tí aláìsàn yín bá sì kú, oògùn tó ṣẹ́kù kì í ṣe ogún. Ẹ kó o padà fún apoògùn ilé ìwòsàn kó bá yín dà á nù. Tí ẹ bá rí ẹni tó ń ta irú rẹ̀, ẹ fi tó NAFDAC létí.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, Fọláṣadé tún yà sí Bẹẹrẹ. "Bọ̀dá mi, kíndìnrín mi ńkọ́?" Kò rẹ́rìn-ín bó ṣe béèrè rẹ̀.

Ọládiípọ̀ náà ò ṣàwàdà. Ó na sáṣẹ́ẹ̀tì oògùn rẹ̀ sí i kó fojú ara rẹ̀ rí i.

"Èyí tó ṣẹ́kù nínú kíndìnrín ẹ wà níbí, Fọláṣadé. Mo ti lo tàárọ̀. Ó ku tìrọ̀lẹ́."