Àlímátù Gbé Kẹ́ẹ̀gì, Kò Mí

Ẹ̀yin aládìrẹ ẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ gbọ́ ohun tí owú jíjẹ fojú Àlímátù rí ní Òwu.

Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ni ọkọ Sìdíkàt àti ọkọ Àlímátù. Ọgbà páànù ló pààlà àgbàlá aró àwọn obìnrin méjèèjì. Sìdíkàt ni ìyálé, ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, síbẹ̀ ó ń fa aṣọ tútù jáde nínú ìkòkò aró láìdi ìbàdí mú. Àlímátù kò tíì pé àádọ́ta, àmọ́ ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá a fínra, kò sì lè gbé báàfù aṣọ kan kó má pariwo "Yéè, ẹ̀yìn mi o!" Làwọn oníbàárà bá ń gbé iṣẹ́ lọ sọ́dọ̀ ìyálé. Inú bí Àlímátù débi pé oúnjẹ ò lọ lọ́fun ẹ̀ mọ́.

"Kí ni ìyálé yìí ń lò gan-an?" ló bi ọkọ rẹ̀, Sàlàhúdíìnì.

"Lọ bi wọ́n."

"Èmi? Kí n lọ kúnlẹ̀ fún un? Láéláé!"

Lẹ́yìn ìrun àsùbá lọ́jọ́ kan, ó fojú sí ihò ọgbà. Ó rí Sìdíkàt tó dúró gbọin, tó ń gbé apá sókè jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Nígbà tó ṣe, ó gbé kẹ́ẹ̀gì yanrìn, ó sọ̀ ọ́, ó tún gbé e.

"Ẹ̀hẹ́n! Kẹ́ẹ̀gì ni àṣírí! Ó kàn ń fi apá yẹn tan èèyàn jẹ ni."

Ojoojúmọ́ ni Àlímátù wá ń gbé kẹ́ẹ̀gì, tirẹ̀ tiẹ̀ kún dẹ́nu. Ẹ sì mọ ìṣe àwa aláró: bí a bá ṣí ìkòkò, a máa ń sé èémí nítorí òórùn sodà inú aró. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló ń sé èémí tó bá ti di kẹ́ẹ̀gì mú.

Àfi bí ojú rẹ̀ ṣe ṣú láàárọ̀ ọjọ́ kan, bó ṣe gbé kẹ́ẹ̀gì sókè. Gbì! Díẹ̀ ló kù kó forí bọ ìkòkò aró. Ta ló sáré wọlé, tó gbé e, tó gbé e sínú ọkọ̀? Sìdíkàt náà ni.

Nílé ìwòsàn, Àlímátù ròyìn kẹ́ẹ̀gì àti ohun tó rí lójú ihò fún Nọ́ọ̀sì Olúkẹ́mi. Nọ́ọ̀sì bi í pé, "Màmá, ṣé ẹ ń sé èémí tí ẹ bá ń gbé e?"

"Ṣé wọ́n tún ń mí ni?"

"Háà! Èémí sísé lórí ẹrù wúwo máa ń mú ẹ̀jẹ̀ ru sókè gan-an. Ohun tí ìyálé yín ń fọwọ́ ṣe yẹn, Qigong ni, eré ìmárale àwọn ará Ṣáínà. Òun ló ń kọ́ ara bí a ṣe ń dúró àti bí a ṣe ń mí. Kẹ́ẹ̀gì ló ń mú iṣan le. Wọ́n jọ ń rìn ni, ọ̀kan ò rọ́pò èkejì."

Àlímátù yíjú sí Sìdíkàt. "Ìyálé mi, ṣé ẹ mọ̀ pé mò ń yọjú?"

"Láti ọjọ́ kìíní. Ìdí tí mi ò fi dí ihò yẹn nìyẹn. Mo ní bó pẹ́ bó yá, wàá gba ẹnu ọ̀nà wọlé."

Àlímátù bú sẹ́kún. "Owú yín ni mò ń jẹ."

"Mo mọ̀. Tí ara ẹ bá ti yá, máa bọ̀. Àgbàlá mi gba èèyàn méjì."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru yín wò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí gbé ohun wúwo, ẹ má sì tìtorí eré ìmárale pa oògùn yín tì. Ẹ lè máa ṣe Qigong lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n ẹ fún iṣan nísinmi láàárín ọjọ́ ẹrù gbígbé, kí ẹ sì fi èyí tó fúyẹ́ bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá ń gbé e sókè, ẹ mí síta. Tí ohun rere ara ẹlòmíì bá wù yín, ẹ kan ilẹ̀kùn, ẹ bi í. Kẹ́ẹ̀gì lèèyàn ń rí lójú ihò. Èémí kì í hàn níbẹ̀.