Ẹ Wá Àga fún Ilé Ìtọ́jú Àgbà

"Ẹ jáde! Ẹbí àti sójà nìkan la pè. Ilé ìtọ́jú àgbà kì í ṣe ẹbí ẹnikẹ́ni!"

Ọ̀gá Jean-Baptiste ló ń jágbe bẹ́ẹ̀ nínú ìpàdé. Òun ni alága ìgbìmọ̀ tó ń ṣètò ìtọ́jú àwọn sójà àtijọ́ ní Savè. Edwige, alábòójútó ilé ìtọ́jú àgbà, kò yẹsẹ̀. Ó ti Bàbá Adégbọlá, sójà àtijọ́ kan, wọlé lórí àga onítáyà, aṣọ bò wọ́n láti ìbàdí dé ilẹ̀.

"Ẹ lè lé mi, ọ̀gá. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ dá mi lóhùn. Ibo lẹ ń gbé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru bàbá yìí lọ?"

"Ilé ọmọ wọn ní Sakin. Ẹ̀ẹ̀mejì la lọ, a ò bá wọn. Bó bá di ẹ̀ẹ̀kẹta, orúkọ wọn á kúrò nínú ìwé."

"Ọdún mẹ́rin ni wọ́n ti wà lọ́dọ̀ wa! Ṣé ẹ bi wá rí?"

"Ìwé wa sọ pé ilé ọmọ ni wọ́n ń gbé."

"Ta ló kọ ọ́?"

Boris, ọmọ bàbá, tó jókòó síwájú gẹ́gẹ́ bí aṣojú àwọn ẹbí, gbin. "Tàǹtí, ẹ má dójú tì mí. Ta ní ń kọ ọ́ síwèé pé bàbá òun wà nílé àwọn arúgbó? Èmi ọmọ ni mo mọ bàbá mi."

"O káre! Ẹsẹ̀ wọn wo ni egbò wà?"

"Òsì," ni Boris sọ kíá.

Edwige ká aṣọ náà sókè. Ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan ló wà níbẹ̀.

"Wọ́n ti gé òsì láti ìgbà ọyẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta la ránṣẹ́ sí ọ."

Edwige kọjú sí gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀.

"Ẹ gbọ́, ẹ̀yin ọmọ sójà. Bí bàbá yín bá wà nílé ìtọ́jú, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ síwèé, kí oògùn lè bá wọn níbi tí wọ́n wà. Ẹ fi ìtìjú sílẹ̀! Ẹ̀yin ìgbìmọ̀, àwa tí à ń wẹ̀ wọ́n, tí à ń di egbò wọn, ẹ pè wá kí ẹ tó kọ òfin, kì í ṣe lẹ́yìn tí ẹ bá kọ ọ́ tán."

Jean-Baptiste wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Kò... kò sí àga mọ́."

Bàbá Adégbọlá gbórí sókè.

"Boris."

"Ẹ̀n, bàbá."

"Dìde. Gbé àga yẹn fún Edwige."