Ọ̀ọ́dúnrún Èèyàn Nínú Ilé Oníbúrẹ́dì

Mo ń rán ẹsẹ̀ ṣòkòtò kan lọ́wọ́ nígbà tí akọ̀wé ìjọba ìbílẹ̀ gun òkè wá, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, tó sì lẹ ìwé kan mọ́ ilẹ̀kùn ilé ìwòsàn wa. Ìwé ọ̀hún ní àwa tá à ń gbé orí òkè yìí ò ju àádọ́jọ lọ, nítorí náà, wọ́n á ti ilé ìwòsàn náà pa lóṣù tó ń bọ̀. Kí aláìsàn máa sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ìlú ìsàlẹ̀.

Ọmọ mi obìnrin lóyún oṣù mẹ́jọ. Wákàtí méjì gbáko ni ìsọ̀kalẹ̀ náà, lórí òkúta.

"Àádọ́jọ kẹ̀?" mo pariwo. "Ṣé ewúrẹ́ wa lẹ kà ni?"

"Ìyá, ẹ má bínú sí mi. Ohun tó wà nínú ìwé ni mo mú wá."

"Ìwé yẹn ń purọ́! Àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ wa nìkan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bẹ́ẹ̀!"

Agbẹ̀bí wa jáde látinú ilé ìwòsàn. "Màmá Aránṣọ, ẹ jẹ́ n bi yín. Nígbà tẹ́ ẹ forúkọ sílẹ̀ ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, ilé ta lẹ kọ?"

Ilé oníbúrẹ́dì ni mo kọ. Ọ̀pọ̀ wa ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń pín lẹ́tà kì í gun òkè. Ọ̀dọ̀ oníbúrẹ́dì tó wà nísàlẹ̀ ló ń kó o sí, àwa á sì lọ gbà á níbẹ̀. Nítorí náà, tí wọ́n bá ti bi wá níbi tá à ń gbé, ilé oníbúrẹ́dì là ń dárúkọ.

Agbẹ̀bí náà mirí. "Nínú ìwé ìjọba, ọ̀ọ́dúnrún èèyàn ló ń gbé ilé oníyàrá mẹ́ta yẹn. Ìlú ìsàlẹ̀ ni wọ́n kà yín mọ́. Iye èèyàn tó wà nínú ìwé ni wọ́n fi ń pín olùkọ́, omi ẹ̀rọ àti ilé ìwòsàn. Ẹ lọ ṣàtúnṣe rẹ̀ kó tó di ọjọ́ Ẹtì, torí ọjọ́ yẹn ni wọ́n á pa ìwé dé."

Ọkọ mi ní ká lọ bẹ̀ wọ́n.

"Bẹ ta ni? Ẹ̀tọ́ wa là ń béèrè o, bàbá!"

Lọ́jọ́ kejì, gbogbo wa sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì náà, tàgbà tèwe. Mo ní kí ọmọ mi jókòó sílé, ó kọ̀ jálẹ̀. Ìgbà márùn-ún la sinmi lọ́nà nítorí rẹ̀.

Ọ̀gá tó wà nídìí fèrèsé rí èrò, ó fajú ro. "Ẹ padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

"Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti pa ìwé dé? Ọ̀gá, ẹnu la fi ń kọ 'mi ò jẹ'. A ò lọ!"

Oníbúrẹ́dì náà ti dé, ìyẹ̀fun ṣì wà nírùngbọ̀n rẹ̀. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kó àwọn èèyàn yìí kúrò nílé mi! Èmi àtìyàwó mi ò ríbi sùn mọ́!"

Ẹ̀rín sọ. Ọ̀gá pàápàá rẹ́rìn-ín, ó sì ń kó fọ́ọ̀mù jáde.

Nígbà tó kan ọmọ mi, ọ̀gá bi í pé, "Ẹ̀yin mélòó?"

"Ẹnì kan ni lónìí. Lóṣù tó ń bọ̀, mò ń bọ̀ wá kọ ìkejì. Orí òkè sì ni màá bí i sí."

Wọn ò ti ilé ìwòsàn wa pa mọ́. Ibẹ̀ lọmọ mi bímọ sí.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ lọ yẹ orúkọ yín wò nínú ìwé. Ibi tẹ́ ẹ̀ ń sùn ni kẹ́ ẹ kọ, kì í ṣe ibi tẹ́ ẹ ti ń gba lẹ́tà. Tẹ́ ẹ bá kó kúrò nílé kan, ẹ sọ fún wọn. Tẹ́ ẹ bá bímọ, ẹ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ní kẹ́ ẹ padà wá lẹ́yìn tí ọjọ́ tí wọ́n dá bá ti kọjá, ẹ dúró síwájú rẹ̀ gbọin-gbọin.