Epo Àkèré Nínú Toyota

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi kan ní Pobè, Bàbá Ògúnṣínà ń nu ọkọ̀ rẹ̀. Gbogbo àdúgbò ló mọ ọkọ̀ náà. Citroën àtijọ́ ni, tí ọ̀gá rẹ̀ fi ta á lọ́rẹ nígbà tí ó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ dírẹ́bà ní oko ọ̀pẹ. Bí ọkọ̀ yìí bá wà ní ìdúró, á ba mọ́lẹ̀ bí ọ̀pọ̀lọ́. Bí Bàbá bá tan ẹ́ńjìnnì rẹ̀, á rọra gbé ìdí sókè, á wá gbé imú tẹ̀lé e. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọmọ àdúgbò fi sọ ọ́ ní Àkèré.

Arlette, ọmọ Bàbá, wa Toyota kékeré rẹ̀ wọ agbolé. Toyota yìí ló ń gbé e lọ síbi iṣẹ́ ní Sakété lójoojúmọ́.

"Papa, ẹ kú iṣẹ́ o. Àkèré ti jí?"

"Ó ti jí kí agolo tìrẹ tó dé. Láti ìta ni mo ti ń gbọ́ ọ, ó ń dún bí ṣíbí nínú àwo páànù."

"Agolo mi ń lọ Sakété, ó sì ń bọ̀. Àkèré ńkọ́? Àfi bí wọ́n bá ń ṣègbéyàwó ló ń rí ìta."

"Àgbà kì í sáré lásán, ọmọ mi."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Arlette wá sọ pé iná pupa kan ń tàn níwájú òun láti àná. Bàbá ṣí iwájú ọkọ̀, ó wo ike funfun kékeré tó wà fún ìjánu ọkọ̀, ìyẹn fẹrẹ́nì. Ohun inú rẹ̀ ti dín.

"Epo fẹrẹ́nì ló gbẹ. Èyí ò tó nǹkan."

Epo fẹrẹ́nì: bí gbogbo wa ṣe ń pè é nìyẹn. Bàbá wọlé, ó gbé ike èyí tó ń lò fún Àkèré jáde.

"Papa, èyí aláwọ̀ ewé ni o. Ti inú ọkọ̀ mi dà bí oyin."

"Ẹ̀jẹ̀ ewúrẹ́ àti ẹ̀jẹ̀ àgùntàn, ṣé ẹ̀jẹ̀ kọ́ ni méjèèjì? Kí wọ́n tó bí ọ ni mo ti ń da èyí sí fẹrẹ́nì Àkèré. Ǹjẹ́ ó kọ̀ láti dúró rí?"

Ó dà á sí i. Iná pupa kú. Arlette dúpẹ́, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Láàárín ọ̀sẹ̀ náà, ó pe bàbá rẹ̀ lórí fóònù.

"Papa, fẹrẹ́nì yìí le lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Ọkọ̀ náà wúwo bí ẹni pé ẹnìkan ń fà á lẹ́yìn. Nǹkan sì ń rùn bí ohun tó ń jó lẹ́bàá táyà."

"Epo tuntun ni. Fẹrẹ́nì rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ jí ni. Tó bá tún dín, wá kí n bù sí i."

Arlette ti fẹ́ yà sọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Ṣùgbọ́n ta ni ó mọ ọkọ̀ ju bàbá rẹ̀ lọ? Ó fi í sílẹ̀.

Nígbà tó di ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ó gbé ìyá rẹ̀, Joséphine, lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní Sakété. Ìjọ aláṣọ funfun ni Joséphine ń lọ, àwọn tí kì í wọ bàtà pẹ̀lú aṣọ ìsìn wọn. Bàbá kì í bá wọn lọ. Òun àti Àkèré ló ṣẹ́ kù nílé.

Ní ọ̀sán, Pẹ̀lúmi yọ. Pẹ̀lúmi ń kọ́ èèyàn ní ọkọ̀ wíwà ní Sakété, òun ló sì kọ́ Arlette. Ó wá yá Àkèré fún ìgbéyàwó Prudence, àbúrò rẹ̀. Bàbá ní kó jókòó, kò jókòó. Ó ń yí ọkọ̀ náà ká, ó ń bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀.

"Bàbá, àlọ́ o!"

"Àlọ̀. Ìwọ ọmọ yìí, o ò lè dákẹ́ jẹ́jẹ́."

"Kí ni à ń pè ní epo, tí kì í ṣe epo, tó jẹ́ pé bí epo gidi bá kàn án, ó lè pààyàn?"

"Àdín?"

"Epo ni àdín."

"Epo ọkọ̀ tí wọ́n ń tà nínú ìgò lẹ́bàá ọ̀nà?"

"Epo nìyẹn náà."

"Ó tì, mi ò mọ̀ ọ́n."

"Epo fẹrẹ́nì ni! Orúkọ lásán ni epo yẹn, kò sí epo nínú rẹ̀. Ti Àkèré yín nìkan ló yàtọ̀. Aláwọ̀ ewé tiyín yẹn, epo gidi ni, irú rọ́bà tí wọ́n fi ṣe inú rẹ̀ ló gbà á. Bó bá wọ inú ọkọ̀ mìíràn..."

"Irọ́ ni!" Bàbá ń rẹ́rìn-ín. "Mo bù ú sí Toyota Arlette lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó mu ún, ó sì ń lọ."

Pẹ̀lúmi dúró sójú kan.

"Bàbá, níbo ni Arlette wà?"

"Òun àti ìyá rẹ̀ ń bọ̀ láti Sakété. Wọn á ti wà lọ́nà. Kí ló dé?"

"Rọ́bà inú fẹrẹ́nì Toyota ò gbọdọ̀ rí epo. Ńṣe ló ń wú bíi gàrí tó rí omi. Fẹrẹ́nì á kọ́kọ́ le lábẹ́ ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ á máa gbóná, á máa rùn. Lẹ́yìn ìyẹn..."

"Ó sọ fún mi." Ohùn Bàbá ti yí padà. "Ó ní ó le. Ó ní ó ń rùn."

Wọ́n pe Arlette. Fóònù dún títí, ó kú.

"Kò ní gbé e," ni Pẹ̀lúmi wí. "Èmi ni mo kọ́ ọ pé kò gbọdọ̀ gbé fóònù bó bá ń wakọ̀."

Wọ́n pe Joséphine. Tirẹ̀ ò tilẹ̀ dún. Ó máa ń pa á kó tó wọ ilé ìsìn, ó sì máa ń gbàgbé láti tàn án padà.

Bàbá àti Pẹ̀lúmi já wọ inú Àkèré, Bàbá tan án. Lọ́jọ́ mìíràn, inú rẹ̀ máa ń dùn láti wo bó ṣe ń rọra dìde. Lọ́jọ́ náà, ó fi ọwọ́ lu ìdarí ọkọ̀. "Dìde! Dìde, jọ̀ọ́!"

Ojú ọ̀nà kún fún ọkọ̀ kéékèèké. Bí èyíkéyìí bá yọ lókèèrè, Bàbá á na ọrùn. Kì í ṣe òun. Òmíràn yọ. Kì í ṣe òun. Pẹ̀lúmi ń tẹ fóònù, ó ń tún un tẹ̀.

"Bàbá, ẹ rọra. Ẹ jẹ́ ká débẹ̀ láàyè."

Nígbà tí wọ́n kọjá Ikpinlè, wọ́n rí èrò lẹ́bàá ọ̀nà. Àwọn oní-zémi ti gbé ọ̀kadà wọn tì. Láàárín oko àgbàdo, ìdí Toyota kan gbé sókè. Bàbá dúró, ó bẹ́ sílẹ̀ láìpa ẹ́ńjìnnì.

Ó wá rí aṣọ funfun. Joséphine ló dúró sórí ilẹ̀ pupa láìwọ bàtà, aṣọ rẹ̀ ti pọ́n dé orúnkún. Arlette jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó fi ọwọ́ kan gbé ìkejì dání.

"Papa, mo tẹ̀ ẹ́, ẹsẹ̀ mi lọ sílẹ̀ pátápátá, ọkọ̀ ò dúró. Àwọn èèyàn ń sọdá níwájú mi pẹ̀lú ẹrù. Mo dín jíà kù, mo rọra ń fa fẹrẹ́nì ọwọ́. Mo wá rí àgbàdo yìí, mo yà sí i."

"Kí ló ṣe ọkọ̀ yìí?" Joséphine béèrè. "Ẹ̀yin lẹ mọ ọkọ̀. Kí ló ṣe é?"

"Epo Àkèré ni," Bàbá dáhùn. "Èmi ni mo dà á sí i."

Arlette gbójú sókè wò ó.

"Ẹ̀jẹ̀ ewúrẹ́ àti ẹ̀jẹ̀ àgùntàn, Papa."

Bàbá rọra fà á dìde, ó mú un lọ sínú Àkèré.

Egungun ọwọ́ Arlette ti jinná báyìí. Mẹkáníìkì tú gbogbo fẹrẹ́nì Toyota, ó sì yọ rọ́bà inú rẹ̀ dànù pátá. Ike aláwọ̀ ewé ṣì wà nílé Bàbá, ṣùgbọ́n ó ti fi ọ̀dà kọ ọ́ sí i lára gàdàgbà: TI ÀKÈRÉ NÌKAN.

Ẹ̀yin ará wa tó ní ọkọ̀, ẹ má fi orúkọ mọ ohun tí ẹ ń dà sí fẹrẹ́nì. Ẹ ka ìdérí ike rẹ̀. DOT 3 tàbí DOT 4 ló wà lára ti ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Japan, àti ti ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Faransé náà. LHM, aláwọ̀ ewé, ti irú Citroën àtijọ́ bí Àkèré ni. Èyí ò gbọdọ̀ wọ inú ìyẹn, ìyẹn náà ò sì gbọdọ̀ wọ inú èyí. Bí ẹ bá ti ṣì í dà, ẹ má tan ọkọ̀ wò rárá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fà á lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì.

Bí iná pupa bá tàn, ẹ má kàn bù sí i kẹ́ ẹ máa lọ. Ó lè jẹ́ pé fẹrẹ́nì ti jẹ tán, tàbí pé ó ń jò níbìkan. Bí kò bá sì mú lójú ọ̀nà, ẹ tẹ̀ ẹ́ léraléra, ẹ máa dín jíà kù, kẹ́ ẹ sì rọra fa ti ọwọ́.

Bí ọmọ yín bá sì pè yín pé ọkọ̀ òun ń rùn, ẹ má ṣe dá a lóhùn láti orí àga. Ẹ ní kó dúró síbi tó wà, kí ẹ lọ wò ó.