Ẹyin Awó Tó Tutù

"Mú un, fọ́ ọ," ni Salomé wí fún ọ̀rẹ́ rẹ̀. "Ìyá rẹ wà lóko ní Koko."

Bilkissou lóṣòó ti ìtẹ́ adìyẹ lẹ́yìn ilé wọn ní Bantè. Ẹyin awó ni ìyá rẹ̀ kó sábẹ́ adìyẹ náà kí ó lè bá a sàba lé wọn. Ó fi èédú sàmì sí wọn, kí wọ́n má baà dàpọ̀ mọ́ èyí tí adìyẹ bá yé. "Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́," ló sọ lọ́jọ́ náà.

Nítòsí wọn, Issifou àbúrò Bilkissou ń fi ọwọ́ ọ̀tún yí táyà kiri. Ọwọ́ òsì rẹ̀ mọ níbi ìgúnpá láti ìgbà tí wọ́n ti bí i. Àwọn ará àdúgbò ní oòrùn ọ̀sán tí ìyá rẹ̀ rìn nígbà tó lóyún ló fà á. Ìyá kì í bá wọn jiyàn, ṣùgbọ́n kò rìn lọ́sàn-án gangan mọ́ láti ìgbà náà.

Kí wọ́n tó gba ìsinmi ní ilé-ẹ̀kọ́ wọn ní Savalou, Ọ̀gá Nathanaël, olùkọ́ wọn, ti sọ pé bí èéhù iṣu ni apá ṣe ń yọ lára ọlẹ̀, ìbáà ṣe ti ẹyẹ, ìbáà ṣe ti ènìyàn. "Àwọn jẹ́ẹ̀nì, ohun tí a jogún lára òbí, ló ń ránṣẹ́ síra wọn. Èyí ní kí apá gùn, èyí ní kí àtàǹpàkò wà níhìn-ín, kí ọmọńdinrín wà lọ́hùn-ún. Bí ọ̀kan bá dákẹ́, èkejì lè ṣíwọ́." Láti ọjọ́ náà ni ọkàn Bilkissou ti ń fà sí i láti fojú ara rẹ̀ rí i.

Ó fọ́ ẹyin kan sínú àwo. Èéhù náà wà níbẹ̀ lóòótọ́, ó kéré ju hóró ọkà bàbà lọ.

"Tọ̀la á ti ní ìka," ni Salomé wí. "Àbí ẹ̀rù ń bà ọ́, dókítà?"

Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń padà wá fọ́ ọ̀kan sí i. Nígbà tí ìka yóò fi yọ, adìyẹ ti kọ ìtẹ́ sílẹ̀. Ìyá dé láti oko, ó fọwọ́ kan àwọn ẹyin tó kù. Gbogbo wọn ti tutù.

"Kí lò ń wá nínú wọn?"

Bilkissou kúnlẹ̀. "Ẹ forí jì mí, Ìyá. Ibi tí ọwọ́ Issifou ti dúró ni mò ń wá. Ọ̀gá wa ní àwọn onímọ̀ kò tíì mọ gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe oòrùn."

Ìyá di ẹyin kan mú.

"Kì í ṣe oòrùn?"

"Kì í ṣe oòrùn, Ìyá."

"Ìgbà wo ló sọ ọ́ fún yín?"

"Kí a tó gba ìsinmi."

"O ti mọ̀ ọ́n kí o tó fọ́ àkọ́kọ́. Láti ọjọ́ tí mo ti bí Issifou ni mo ti ń retí ọ̀rọ̀ yẹn. O gbé e pamọ́ sínú, o wá ń fọ́ ẹyin kiri."

Bilkissou wo àwọn ẹyin tó kù náà. Ẹyin kan péré ì bá ti tó. Òfò ni ìyókù. Ẹni tó bá ní ìmọ̀ tó lè gbé ẹrù kúrò lórí ẹlòmíràn, kí ó kọ́kọ́ sọ ọ́ ná, kí ó tó máa wá òmíràn.

Lọ́jọ́ kejì, ìyá gbé apẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó gba ọ̀nà Koko lọ. Oòrùn wà ní àtàrí.